Ilé Tó Ń Yí Ìyá

Ọjọ́ Ajé, 3 Èrèlé 2025. Ìjerò.

Ìyá tún sùn lórí àga. Mo jí lọ sí pálọ̀ láti ṣí fèrèsé, mo bá ìyá ọkọ mi níbẹ̀, ó fi ìró méjì bora, ó jókòó ṣánṣán bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò. Bẹ́ẹ̀dì tí Bàbá Mofẹ́, ọkọ mi, rà fún un nígbà tó kó wá bá wa láti Ìpòtì wà nínú yàrá, kò sí ẹni tó fara kàn án. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní àga tẹ́ òun lọ́rùn.

Ọyẹ́ ṣì ń jà. Ètè gbogbo ọmọ kíláàsì mi ti là. Ìyá ń mu omi bí ẹni tó jẹ iyọ̀. Jọ́ọ̀gì tí mo gbé kalẹ̀ láàárọ̀ ti gbẹ kí n tó ti ilé ẹ̀kọ́ dé. Egungun tún ń ro ó, itan, ẹ̀yìn àti apá. Ó ní ọjọ́ orí ni. Mo gbà fún un, nítorí ẹni tó ru kòkó láti oko wálé láti ìgbà ọmọge, ara rẹ̀ á kúkú béèrè.

Ọjọ́bọ̀, 6 Èrèlé.

Ìyá pe Mofẹ́ láàárọ̀ kí ó tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́. "Ta ní í lọ ata nígbà yìí?" Kò sí ẹni tó ń lọ ata. Ẹ̀rọ ìlọta tó súnmọ́ wa jù wà lọ́nà ọjà, wọn kì í sì í ṣí i ní kùtùkùtù. Ọmọ mi fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fi ojú bá a wí.

Ìyá wá ní inú etí òsì òun ló ti ń dún. Ó ti pẹ́. Òun kàn rò pé ariwo Ìjerò pọ̀ ju ti Ìpòtì lọ ni.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Èrèlé.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá gbójú sókè wo pátákó nọ́ńbà orin lára ògiri, ló bá di ẹ̀yìn ìjókòó iwájú wa mú gírígírí. Ojú rẹ̀ funfun. Lẹ́yìn náà ó bì sórí bàtà mi, bàtà tuntun.

Kẹ́míìsì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kò ru. Ó ní ibà ni, ó fún wa ní oògùn ibà. Ibà ni gbogbo nǹkan lójú kẹ́míìsì yìí. Bí ẹsẹ̀ ènìyàn bá kán, á kọ́kọ́ fún un ní oògùn ibà ná.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Èrèlé.

Inú mi bàjẹ́ lónìí, n ó sì kọ ọ́ bó ṣe rí.

Mo wà ní ẹ̀yìnkùlé, mò ń gúnyán. Ìyá wà lórí fóònù pẹ̀lú Àǹtí Janet, àkọ́bí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì sí Aràmọkọ. Ìyá kì í bá fóònù sọ̀rọ̀, ó máa ń kígbe sí i ni, nítorí náà gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ.

"Ulé í yí mi, Janet. Ulé Olúwọlé í yí mi. Bí mo bá ti dùbúlẹ̀ báyìí, ó ti bẹ̀rẹ̀ nù-un."

Ọmọ odó dúró lókè lọ́wọ́ mi. Ta ni ilé Olúwọlé bí kì í bá ṣe èmi? Ọkọ mi kì í wà nílé, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ló ń lọ láàárọ̀, alẹ́ ló ń dé. Ọmọdé ni Mofẹ́. Èmi ni ilé. Òpè ni wọ́n ń yí, ẹni tí wọ́n bá fẹ́ rẹ́ jẹ ni wọ́n ń yí. Kí ni mo yí Ìyá gbà? Ẹran inú ọbẹ̀ ni àbí wàrà inú tíì? Mo gún iyán náà títí ó fi fẹ́ẹ̀ di omi.

Nírọ̀lẹ́, ọkọ mi wọlé, ó jókòó, kò bọ́ bàtà. "Rebecca, kí ló wà láàárín ìwọ àti Ìyá?" Ìyá Mofẹ́ ló máa ń pè mí. Bí ó bá ti pe orúkọ mi, ọ̀rọ̀ ti débì kan. Mo ní kí ó lọ bi ìyá rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Èrèlé.

Àǹtí Janet dé lẹ́yìn ìsìn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n dáhùn bí ẹni tó ń dá ará ọjà lóhùn. Àga ni wọ́n kọ́kọ́ rí, ìrọ̀rí Ìyá lórí rẹ̀ àti ìró tó fi ń bora.

"Ìyá mi ń sùn lórí àga nínú ilé ọmọ tó bí?"

Wọ́n di ọrùn ọwọ́ Ìyá mú, ó ti tín-ín-rín lóòótọ́, wọ́n sì wò mí. Ìyá ní kí n bu omi fún òun. Wọ́n tún wò mí. "Ṣé omi náà kò tó ni?" Kí n tó dé pẹ̀lú ife, Ìyá ti ń sunkún. Ó ti tó bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó ti ń sunkún láìnídìí, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà mí gbọ́ bí mo bá sọ ọ́?

Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́ níwájú wọn. Kí ni mo ṣe fún yín?"

Ìyá wò mí tìyanu-tìyanu. "Ìwọ kẹ̀? Ṣé mo pe ìwọ ni? Ulé ni mo pè."

Àǹtí Janet mi orí. "Ṣé ẹ gbọ́? Kò fẹ́ dárúkọ ẹni. Ìyá mi kì í fẹ́ ìjà."

Wọ́n di ẹrù rẹ̀. Wọ́n ní egungun rẹ̀ ti gbẹ nítorí àìjẹun dáadáa, pé àwọn ti ra wàrà sílẹ̀ ní Aràmọkọ, àti tábílẹ́ẹ̀tì kálísíọ́ọ̀mù tó ń hó nínú omi, òun ni yóò tún egungun náà ṣe. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sọ pé rárá, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mofẹ́ sunkún. Èmi kò sunkún títí wọ́n fi lọ.

Ọjọ́ Ajé, 17 Èrèlé.

Mo fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Èrèlé.

Fẹ́yìsayọ̀, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń kọ́ni, ló sọ ọ́ fún mi nígbà ìsinmi ọ̀sán láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Ó yí i po kó tó sọ ọ́: àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ń sọ pé mo ń fi ebi pa ìyá ọkọ mi. Mo bi í pé ta ni. Ó ní òun kò mọ̀. Ẹni tó bá mú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wá kì í mọ ẹni tó sọ ọ́.

Ọkọ mi lọ sí Aràmọkọ lónìí láti wo Ìyá. Ó padà dé. Nígbà tó yá ó ní, "Ó tún rù sí i." Mo fẹ́ bi í pé ta ló tún ń fi ebi pa á níbẹ̀, mo gbé e mì. Àánú Ìyá ṣe mí ju ìbínú lọ, ṣùgbọ́n ìbínú náà wà níbẹ̀ dáadáa.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Èrèlé.

Àǹtí Janet pè mí. Èmi, kì í ṣe àbúrò wọn. Ohùn wọn ti yàtọ̀.

Ìyá ṣubú. Wọ́n ti fi agídí mú un sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó fẹ́ dìde láàárọ̀, ó gbé orí sókè, ó sì dojú bolẹ̀ lẹ́bàá kọ́bọ́ọ̀dù. Egungun kò kán, iwájú orí ló wú. Kì í jẹun mọ́, kò tí ì yàgbẹ́ láti ọjọ́ mélòó kan, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò lórí.

"Ìyàwó Olúwọlé, ó tún sọ ọ́."

"Kí ni Ìyá sọ, mà?"

"Ó ní ilé tèmi náà ń yí òun."

Mo kàn ní, "Ẹ jẹ́ ká gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní Adó, mà." Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà rò.

Ọjọ́ Ajé, 3 Ẹrẹ́nà. Adó.

Mo gbààyè níbi iṣẹ́. Ìyá jókòó láàárín èmi àti Àǹtí Janet lẹ́yìn ọkọ̀, àwa méjèèjì dì í mú láti ọ̀tún àti òsì, ọkọ mi ń wakọ̀ bí ẹni tó ru ẹyin. Ní gbogbo kọ́nà Ìyá ń dijú.

Dókítà Bọ́látitó Ìbíkúnlé, obìnrin ni, kò dàgbà púpọ̀, ó sì gbọ́ èdè Èkìtì. Ó bi Ìyá pé kí ló ń ṣe wọ́n. Ìyá ní, "Ulé í yí mi." Àǹtí Janet wo ilẹ̀, èmi wo ògiri.

Dókítà kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa. "Ìyá, ilé wo ni? Ará ilé ni àbí ilé tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́?"

Ìyá wò ó bí ẹni tí làákàyè rẹ̀ kò pé. "Ulé. Ògiri rẹ̀, òrùlé rẹ̀. Bí mo bá dùbúlẹ̀ tí mo yí orí sí òsì, á máa yí bí òkòtó. Ará ulé kẹ̀? Báwo ni ará ulé ṣe í yí?"

Mo gbọ́ tí Àǹtí Janet mí kanlẹ̀. Èmi alára ojú tì mí, nítorí ọ̀rọ̀ náà ṣe kedere bí ọ̀sán, ọ̀rọ̀ tí a jọ ń sọ láti kékeré, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó gbọ́ ọ. Ilé tí Ìyá ń wí, ilé ni.

Dókítà ní kí Ìyá na ẹsẹ̀ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó yí orí rẹ̀ sí òsì, ó sì dá a dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, orí rẹ̀ rọ̀ díẹ̀ kọjá etí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá ké, ó di apá mi mú. Mo rí ojú rẹ̀: ẹyinjú méjèèjì ń fò láìdúró, bí ojú ọmọ kíláàsì tó ń sáré ka ìwé. Dókítà ní, "Ẹ má bẹ̀rù, Ìyá, ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ fúnra rẹ̀." Ó rọlẹ̀. Ó wá yí orí náà díẹ̀díẹ̀ sí ọ̀tún, ó dúró, ó ní kí Ìyá fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀ kó máa wolẹ̀, ó tún dúró, lẹ́yìn náà ó gbé e jókòó. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí oògùn.

Ìyá jókòó, ó wo ògiri kan, ó wo èkejì, ó wo òrùlé.

"Ulé ti dúró," ó wí.

Kò gbàgbọ́. Ó ní kí wọ́n tún dá òun dùbúlẹ̀ wò. Wọ́n dá a dùbúlẹ̀, kò yí. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò tí ì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún yìí. Àǹtí Janet bọ́ ìgò ojú, wọ́n ń nù ún, wọ́n kò tètè dá a padà.

Dókítà ṣàlàyé. Ó ní nínú etí, níbi tó jìn ju ibi tí ènìyàn lè fọwọ́ bà lọ, àwọn ẹyọ wínníwínní kan wà bí iyanrìn, kálísíọ́ọ̀mù ni wọ́n, wọn kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀kì. Àwọn ló ń jẹ́ kí ara mọ ibi tí ilẹ̀ wà. Bí wọ́n bá tú, tí wọ́n sì wọ ihò tí kì í ṣe tiwọn, ilé á máa yí. Òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dá wọn padà sáàyè wọn ni. Èmi tí mo ti ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé láti ọdún pípẹ́ wá, mi ò mọ̀ pé mo gbé e sínú etí.

Ṣùgbọ́n kò jẹ́ ká dìde. Ó ń bi wá léèrè: Ṣé Ìyá ń mu omi ju bó ṣe yẹ lọ? Ṣé egungun ń ro wọ́n? Ṣé wọ́n ń rù? Ṣé inú wọn ń bàjẹ́ láìnídìí? Bó ṣe ń béèrè, èmi àti Àǹtí Janet ń dáhùn pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo ohun tí wọ́n kà sí mi lọ́rùn ní pálọ̀ mi lọ́jọ́sí ni Dókítà ń kà lọ́kọ̀ọ̀kan, àìsàn ló sì ń pè wọ́n. Ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ Ìyá.

A ń jáde, mo ń retí pé Àǹtí Janet á sọ pé Aràmọkọ ni. Ìyá ló sọ̀rọ̀. "Ẹ gbé mi lọ Ìjerò. Iyán Janet kì í kúnná." Kò sí ẹni tó jiyàn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Ẹrẹ́nà. Ìjerò.

Ìyá sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, ó hanrun mọ́jú. Ọlọ́run, mo dúpẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Ẹrẹ́nà.

Èsì ẹ̀jẹ̀ ti dé, èmi àti Àǹtí Janet lọ gbà á ní Adó. Kálísíọ́ọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ Ìyá ti ga kọjá ààlà.

Bí Dókítà ṣe sọ ọ́ nìyí: àwọn kókó kéékèèké mẹ́rin wà lẹ́yìn gògóńgò, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ. Wọ́n ń tú họ́móònù jáde, họ́móònù náà ló ń sọ fún egungun pé kó tú kálísíọ́ọ̀mù sílẹ̀ tàbí kó pa á mọ́. Ọ̀kan nínú ti Ìyá ti wú, ó ń pàṣẹ ṣáá, egungun sì ń gbọ́ tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí egungun fi ń dín, tí ẹ̀jẹ̀ fi ń kún.

Mo bi í pé ṣé òun ló kó bá etí. Ó ní ó lè jẹ́. Ó ní àwọn ń rí i pé òòyì irú èyí máa ń bá àwọn tí kálísíọ́ọ̀mù ara wọn bá dàrú ju àwọn mìíràn lọ, ṣùgbọ́n òun kò ní búra. Ní ti ariwo inú etí àti ìgbọ́ràn tó dín, ó ní kí a má retí ju bó ṣe yẹ lọ. Mo fẹ́ràn dókítà tó lè sọ pé òun kò mọ̀.

Àǹtí Janet béèrè nípa wàrà àti tábílẹ́ẹ̀tì tó ń hó. Dókítà ní, "Ẹ gbé e kúrò lọ́wọ́ wọn, mà. Ẹ̀jẹ̀ tó ti kún lẹ ń bu sí." Ojú Àǹtí Janet pọ́n. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, wọ́n ní, "Èmi ni mo ń bù ú fún un. Láàárọ̀ àti lálẹ́." Mo ti ń retí ọjọ́ tí ẹ̀bi yóò kúrò lọ́rùn mi bọ́ sí tiwọn. Ó dé, inú mi dùn díẹ̀, n kò ní purọ́, lẹ́yìn náà kò dùn mọ́. Mo ra omi tútù fún wọn. Mo ní, "Ẹ ò mọ̀, mà. Àwa náà ò mọ̀."

Ọjọ́ Àìkú, 16 Ẹrẹ́nà.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lánàá. Gbogbo Ìjerò ń rùn bí ìkòkò amọ̀ tuntun.

Àǹtí Janet fi iṣu ránṣẹ́ láti Aràmọkọ. Ọ̀rọ̀ kan ni mo ń retí, iṣu ló dé. A sè é, ó dùn.

Lẹ́yìn ìsìn, níbi ìpàdé àwọn ìyá, Ìyá dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Mo rò pé ẹ̀rí ìwòsàn ló fẹ́ jẹ́. Ó ní, "Mo gbọ́ pé ẹ̀ ń bú ìyàwó mi. Iyanrìn inú etí mi ló í yí mi. Ìyàwó mi kò yí mi rí. Ẹni tó bá tún sọ ọ́, kó wá sọ ọ́ sí etí mi ọ̀tún, òun ló í gbọ́." Ó jókòó. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń tún gèlè wé. Mo mọ àwọn tó ń tún gèlè wé wàyí.

Ọjọ́rú, 19 Ẹrẹ́nà.

Ilé tún yí Ìyá láàárọ̀. Dókítà ti kìlọ̀ pé ó lè padà. A padà lọ sí Adó, ó tún dá iyanrìn náà padà. Ó ní títí a ó fi yọ kókó yẹn, egungun kò ní sinmi, etí náà lè má sinmi. Iṣẹ́ abẹ ni. Ẹ̀rù bà mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 Igbe.

Wọ́n ti yàwòrán ọrùn rẹ̀. Kókó kan ṣoṣo ni, apá òsì nísàlẹ̀. Dókítà ní ìròyìn ayọ̀ ni, nítorí ọ̀kan péré ni wọ́n máa yọ. Ìyá ní, "Kòkó ni mo fi ṣiṣẹ́ jẹun láyé mi, kókó ni wọ́n tún wá bá lọ́rùn mi." Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé ohun tó fẹ́ kọ.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Igbe. Àjíǹde.

Ìyá kò jẹ́ kí n ṣe iyán lọ́dún yìí, ìrẹsì ló ní òun fẹ́. Ó fi ọwọ́ lé mi lórí lẹ́yìn oúnjẹ, ó gbàdúrà. Ó ní bí òun bá kú síbi iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n má jẹ́ kí Janet yan aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ fún òun, nítorí Janet fẹ́ràn àwọ̀ ewé jù. Ṣé bí wọ́n ṣe ń múra ikú nìyẹn? Mo rẹ́rìn-ín, mo sì wọ kíṣíìnì lọ sunkún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29 Igbe.

Wọ́n gbé Ìyá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ láàárọ̀. Ọkọ mi kò lè jókòó, ó ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín géètì àti ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Èmi àti Àǹtí Janet jókòó pọ̀. Wọ́n ń ka Sáàmù lábẹ́ ètè, wọ́n ṣì ẹsẹ kan kà, mo tún un ṣe fún wọn, wọ́n ń bá a lọ.

Àwọn dókítà jáde sọ fún wa pé ó ti parí. Ìyá ti la ojú. Ọkọ mi jókòó nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn pẹ̀lú ṣòkòtò funfun.

Ọjọ́rú, 30 Igbe.

Ẹ̀rù tún bà wá láàárọ̀. Ètè Ìyá ń ta á ṣín-ín-ṣín-ín, ìka ọwọ́ rẹ̀ sì ká jọ, kò lè nà wọ́n. Dókítà kò sá, kò kígbe. Ó ní ó máa ń rí bẹ́ẹ̀: kókó tó ń jà wọ́n lólè ti lọ, ebi wá ń pa egungun, ó ń gbé gbogbo kálísíọ́ọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ mì. Wọ́n fi kálísíọ́ọ̀mù sí i láti ojú iṣan. Ìka náà tú.

Ó wá ní láti òní lọ, tábílẹ́ẹ̀tì kálísíọ́ọ̀mù yóò jẹ́ tirẹ̀ lójoojúmọ́. Àǹtí Janet ṣí báàgì wọn, wọ́n gbé ike tábílẹ́ẹ̀tì tó ń hó jáde, wọ́n fi fún Dókítà kó yẹ̀ ẹ́ wò. Dókítà ní irú rẹ̀ gan-an ni. Wọ́n bojú wò mí fírí. Mo gbójú sápá kan kí ẹ̀rín má bàa pa mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 Ẹ̀bìbí.

Ìyá ti ń rìn kiri. Ó ń jẹun, kò sunkún mọ́, omi jọ́ọ̀gì kan ń tó àwa méjèèjì di òwúrọ̀ báyìí. Egungun kò ro ó bí i ti tẹ́lẹ̀. Ilé kò tún yí i láti ìgbà iṣẹ́ abẹ.

Wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò. Ariwo náà ti dín, kò tí ì tán. Ó ní ẹ̀rọ ìlọta ti jìnnà lọ sí òpópónà kejì. Etí òsì kò gbọ́ bí ọ̀tún, ó ṣeé ṣe kó máa rí bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti ń bá a sọ̀rọ̀ láti apá ọ̀tún, kò sì sí ohun tó burú.

Ọjọ́ Ẹtì, 30 Ẹ̀bìbí.

Ìyá ti padà sí Ìpòtì. Kò gba Ìjerò, kò gba Aràmọkọ. Ó ní ilé òun ni òun ń lọ. Pálọ̀ mi gbòòrò jù lónìí.

Ọjọ́ Ajé, 9 Òkúdù.

Dókítà ní nígbà mìíràn irú àìsàn yìí máa ń rìn nínú ẹbí, kí àwọn ọmọ Ìyá lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ọkọ mi ti lọ, kò sí nǹkan kan. Àǹtí Janet ní àwọn á lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ọjọ́rú, 18 Òkúdù.

Àǹtí Janet ní òjò ni kò jẹ́ kí àwọn lọ. Òjò kò rọ̀ ní Aràmọkọ, mo béèrè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Òkúdù.

Àǹtí Janet pè. Wọ́n ní egungun ìdí ń ro àwọn láti bí oṣù méjì, àwọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ń bà wọ́n. Wọn kò fẹ́ kí ọkọ mi mọ̀, wọn kò fẹ́ kí àwọn ọmọ wọn mọ̀.

"Ìwọ ni mo fẹ́ kí o bá mi lọ."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ ní Ọjọ́bọ̀, mà."

Ọjọ́bọ̀, 26 Òkúdù.

A tètè dé Adó. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní kí a dúró de èsì. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí oòrùn fi bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ wa. Àǹtí Janet kò jẹ mọ́ínmọ́ín tí mo rà, wọ́n kàn dì í mú. Nígbà kan wọ́n ní, láìwò mí, "Ọjọ́ tí mo wá mú Ìyá nílé rẹ, mo sọ̀rọ̀ tí kò yẹ." Mo ní ó ti kọjá, mà. Wọ́n ní, "Kò kọjá. Mo mọ̀ pé ó dùn ọ́." Òótọ́ ni, ó dùn mí, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Wọ́n mi orí.

Nọ́ọ̀sì jáde pẹ̀lú bébà lọ́wọ́, ọmọbìnrin kékeré kan tó ń jẹ́ Ìtùnúolúwa. Ó pe orúkọ Àǹtí Janet, ó wá rí mi, ó dúró. "Ẹ má bínú, mà, ọ̀rọ̀ ara yín ni. Ta ni wọ́n jẹ́ sí yín?"

Mo ti ń dìde kí n lè yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyàwó àbúrò wọn ni mo jẹ́, ohun tí wọ́n sì máa ń pè mí nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn.

"Ọmọ ìyá mi ni," Àǹtí Janet wí. "Sọ ọ́ níwájú rẹ̀."

Nọ́ọ̀sì wo wọ́n, ó wò mí. Àǹtí Janet pupa fòò, wọ́n ga. Èmi dúdú, mo kúrú. Ó ní, "Ẹ ò jọra rárá."

"Èmi ni mo jọ bàbá."

Wọ́n gba bébà náà, wọ́n gbé e fún mi, wọ́n ní ìgò ojú àwọn ti ṣú, kí n bá àwọn kà á. Mo kà á sókè: kálísíọ́ọ̀mù wọn wà níbi tó yẹ kó wà.